Ihò Kan Lẹ́nu Ògbufọ̀

Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹfà

Wọ́n ti yọ ọ́. Eyín ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, èyí tó kẹ́yìn pátápátá. Gbòǹgbò rẹ̀ wọ́ bí ìkọ́. Dókítà eyín gbé e sókè kí n rí i, bí agbẹ̀bí tó fẹ́ fi ọmọ han ìyá rẹ̀. N kò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti kú, ètè mi ń yọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àbẹ́là.

Ó ní kí n deyín mọ́ òwú. Ó ní, “Lónìí, ẹ má yọ ẹnu. Títí ọ̀sẹ̀ yìí fi máa parí, ẹ má tutọ́, ẹ má fa nǹkan mu, ẹ má fi ohun gbígbóná kan ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì síbẹ̀ ni ẹgbò yín máa fi ṣe aṣọ. Bí aṣọ yẹn bá bọ́, egungun á wà níhòòhò. Kí ẹ sì dín ọ̀rọ̀ kù.”

Ó béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ọkọ mi ló bá mi dáhùn: “Ògbufọ̀ ni nílé-ẹjọ́. Ẹnu ni oko rẹ̀, ẹnu náà ni ọkọ́ rẹ̀.” Dókítà mí kanlẹ̀.

Ìwé ni mo fi ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ láti ọ̀sán. Ó ní kí n má ya á dànù, kí n máa kọ ohun tó bá wà níkùn mi síbẹ̀, torí òun mọ̀ mí: bí mi ò bá sọ̀rọ̀, inú mi á wú ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lọ.

Ẹjọ́ ọmọbìnrin kan tí wọ́n ní ó pa bàbá arúgbó tó ń tọ́jú tún ń bọ̀ lọ́túnla. Àwa méjì péré la gbọ́ èdè rẹ̀ ní gbogbo ilé-ẹjọ́ yìí. Èmi gbọ́ ọ torí èdè ìyá mi ni. Kíámọ́sá, ògbufọ̀ kejì, gbọ́ ọ torí ó kọ́ ọ nílé-ìwé. A sọ ọ́ ní Kíámọ́sá nítorí kì í jẹ́ kéèyàn parí gbólóhùn kó tó túmọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5

Òjò láti ìdájí. Ọkọ mi kò lọ sí ìsọ̀ káfíńtà rẹ̀. Ó ní ẹnu mi ni iṣẹ́ òun lónìí. Ó po omi iyọ̀, ó tọ́ ọ wò, ó fi omi lé e, ó tún tọ́ ọ wò. “Jẹ́ kó yí díẹ̀díẹ̀. Má fi ẹnu jà. La ẹnu kó dà fúnra rẹ̀.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ó sì dà sí mi láyà.

Owó wàrà tún ti gòkè. Ọ̀dùnkún tí ọkọ mi tẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ ọmọdé ni mo jẹ, ó tutù, kò níyọ̀. Mo sùn lórí ìrọ̀rí tó ga bí òkè. Ẹ̀jẹ̀ ti dá.

Ẹtì, 6

Mo sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí dókítà eyín gbọ́.

Ẹlẹ́rìí òní ni aládùúgbò bàbá olóògbé, ọkùnrin kan tó máa ń tún rédíò ṣe. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, mò ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ti gbọ́ nígbà àìmọye náà ni: pé òun ló ń tọ́jú bàbá arúgbó náà, pé bàbá já láti orí àtẹ̀gùn ó sì kú, pé àwọn ọmọ bàbá sọ pé òun ló tì í. Ó máa ń wo ilẹ̀ ni. N kò mọ ọdún rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ọmọ mi.

Aládùúgbò ní òun gbọ́ ìró, òun sáré wọlé. Bàbá wà ní ìsàlẹ̀. Ọmọ náà wà lókè, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń ké ọ̀rọ̀ kan náà léraléra. Ó ní òun ti bá àwọn tó ń sọ èdè yẹn ṣiṣẹ́ rí, òun gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé. Ó sì sọ ọ́, kedere, ní èdè ìyá mi. Ọmọ náà gbójú kúrò nílẹ̀.

“‘Mo fi í sílẹ̀’ ni,” ọkùnrin náà ní. “Ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn.”

Agbẹjọ́rò ìjọba wo gbogbo ilé, ó tún un sọ bí ẹni ń fi oyin pa ètè: “Mo fi í sílẹ̀.”

Adájọ́ yíjú sí mi. “Ògbufọ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Olúwa mi, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wà gan-an ni ‘ọwọ́ mi ṣófo’. Ẹni tó fi nǹkan sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹni tí nǹkan bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ọwọ́ tiẹ̀ náà ṣófo. Èdè yẹn kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Tiwa ló yà wọ́n.”

“Èwo wá ni nínú méjèèjì?”

“Ẹni tó sọ ọ́ ló mọ̀, Olúwa mi.”

Agbẹjọ́rò ìjọba kò gbà. Ó bi mí síwá, ó bi mí sẹ́yìn. Ó ní ṣé kò sí ìgbà tí àwọn èèyàn ìyá mi máa ń mọ ohun tí wọ́n ń sọ ni? Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí awọ gbígbẹ. Níkẹyìn adájọ́ ní, “Ó tó. A óò gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ náà fúnra rẹ̀.”

Nígbà ìsinmi, akọ̀wé ilé-ẹjọ́, ọ̀rẹ́ mi, gbé tíì fún mi. Ó gbóná, mo sì gbé e mu bí ẹni tí kò yọ eyín rí. Nígbà tí mo tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́nu mi, mo sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo tu ú dànù, pàà! Lẹ́yìn tí mo tu ú tán ni mo rántí.

Mi ò tíì sọ fún ọkọ mi.

Àìkú, 8

Ìrora ti gba etí, ó ti gun agbárí. Oògùn tí wọ́n fún mi kò tilẹ̀ kí i. Mo mọ̀ pé ẹnu mi ń rùn. Ọkọ mi ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 9

Dókítà tan iná sí i. “Aṣọ ti bọ́,” ó ní. “Egungun lẹ̀ ń wò níta yìí. Kí lẹ ṣe?”

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: tíì gbígbóná, itọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan gbáko. Ọkọ mi wò mí láti ẹ̀bá ògiri. N kò gbójú sókè.

“Ẹ ò fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹlòmíràn,” dókítà ní.

Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ihò náà, ó ki òwú kan bọ̀ ọ́, èyí tó rin fún oògùn tó ń rùn bíi kànáfùrù. Ìrora náà rọlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fún lọ́mú. Mo sunkún lórí àga rẹ̀, n kò tijú.

“Ìrora á tún padà,” ó ní, “ẹ ó sì máa wá kí n máa pààrọ̀ òwú yìí títí ẹran á fi bo ibẹ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.”

“Ọ̀túnla ńkọ́? A ní ẹjọ́.”

“Màámi, ọ̀túnla wà nínú ọ̀sẹ̀ yìí.”

Mo ti ránṣẹ́ sílé-ẹjọ́. Kíámọ́sá ni yóò gba iṣẹ́ náà lọ́jọ́rú. Nínú ọkọ̀, ọkọ mi kò bá mi wí. Ó kàn ń sọ “tíì gbígbóná” sí ara rẹ̀ ní gbogbo oríta.

Ọjọ́rú, 11

Ọ̀rẹ́ mi akọ̀wé yà sílé lẹ́yìn iṣẹ́. Kò jókòó dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀.

“Ọmọ yẹn kò sọ̀rọ̀.”

Mo kọ ọ́ sí ìwé: *Báwo ni kò ṣe sọ̀rọ̀?*

“Wọ́n mú un dé àpótí ẹlẹ́rìí. Kíámọ́sá kí i, kò dáhùn. Adájọ́ béèrè orúkọ rẹ̀, kò dáhùn. Ibi tí o máa ń dúró sí ló ń wò. Agbẹjọ́rò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ó fẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló jáde lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀.”

*Kí ni?*

“Kíámọ́sá ní ó túmọ̀ sí ‘Màmá dà?’”

Adájọ́ ti bínú. Ó ní ẹjọ́ kò lè máa dúró de ẹnu kan ṣoṣo. Ó fún un di Ọjọ́ Ajé. Bí kò bá sọ tẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun yóò fi ohun tí òun ti gbọ́ dájọ́. Ohun tó sì ti gbọ́ ni “mo fi í sílẹ̀”.

Nígbà tí akọ̀wé lọ tán, mo jókòó síbi kan náà. N kò bá ọmọ yìí sọ ọ̀rọ̀ tara mi rí. Òfin iṣẹ́ kò gbà á. Gbogbo ohun tí mo ti sọ fún un, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ èébú. Kí ló wá rí lára mi tó fi ń pè mí ní màmá?

Ọjọ́bọ̀, 12

Òwú náà ti gbẹ. Ó ń ta mí bí agbọ́n. Mi ò jẹun.

Ẹtì, 13

Dókítà pààrọ̀ òwú. Ó ní òun kò tíì rí ẹran kankan. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Ajé fún un, ó ní, “Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ má pariwo. Bí òwú bá jáde, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ máa bọ̀ tààrà.” Ó tó fún mi.

Kò tó fún ọkọ mi. Mo bá a ní ìsọ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń fá pákó, èérún igi ń fò.

“Jẹ́ kí wọ́n lọ wá ẹnu mìíràn,” ó ní. “Ìlú kún fún ẹnu.”

“Kò fẹ́ ẹnu mìíràn.”

“Ta ni kò fẹ́? Ọmọ tí kò mọ ọ́ rí! Bí àìsàn bá wọ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, ṣé adájọ́ ló máa wá po omi iyọ̀?”

“Bí ìṣó bá gún yín lọ́wọ́, ṣé ẹ máa fi ilé oníbàárà sílẹ̀ láìnílẹ̀kùn?”

“Màá sinmi kí ọwọ́ mi san.”

“Bí olè bá wọlé kí ó tó san ńkọ́?”

Ó fá pákó yẹn títí ó fi tín-ín-rín ju ohun tó fẹ́ fi ṣe lọ, ó sì sọ ọ́ nù. Lálẹ́ ó gbé omi iyọ̀ wá, ó gbé e kalẹ̀ gbì, ó sì dúró tì mí títí mo fi ṣe tán. Mo mọ̀ pé mo ti borí. Kò dùn mọ́ mi.

Àìkú, 15

Mo jókòó síwájú dígí, mo ń sọ ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọ ilé-ìwé. Mo sọ pé “ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́”. Ètè gbọ́dọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì pàdé, ihò náà á fà mí dé etí. Mo sọ pé “mo fi í sílẹ̀”. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ètè pàdé nínú ìyẹn, ó yọ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, díẹ̀ báyìí ló dùn mí.

Ó bà mí lẹ́rù pé èyí tó lè sọ ọmọ náà sẹ́wọ̀n ló rọrùn fún ẹnu mi. Ẹnu tí ara ń ro máa ń wá ọ̀nà àbùjá. Mo sọ ti àkọ́kọ́ léraléra títí omijé fi bọ́.

Ọjọ́ Ajé, 16

Kí n tètè kọ ọ́ sílẹ̀.

N kò jẹun kí n tó jáde. Ẹ̀rù ń bà mí kí oúnjẹ má lọ fa òwú jáde. Ooru mú nínú ilé-ẹjọ́, wọ́n sì ti fèrèsé nítorí ariwo ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n mú ọmọ náà wọlé, ó kọ́kọ́ wo ibi tí mo dúró sí. Èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. N kò rẹ́rìn-ín sí i, n kò mi orí. Mo mú ìbúra rẹ̀ fún un ní èdè wa, ó sì gbà á lẹ́nu mi lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kéré, mo ní láti tẹ̀ sí i. Mo gbé e sókè fún ilé:

“Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo wẹ bàbá. Mo fi òróró pa á lápá, mo fi pa á lẹ́sẹ̀, torí awọ rẹ̀ máa ń gbẹ. Ó ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ gbọ́ rédíò. Mo ní, bàbá, ẹ dúró kí n kó aṣọ tó tutù yìí. Bàbá kì í dúró. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣi àtẹ̀gùn. Mo sáré, mo gbá apá rẹ̀ mú níbí yìí, lókè ìgbọ̀nwọ́.”

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ náà.

Aládùúgbò tẹ̀ síwájú lórí bẹ́ǹṣì. Mo sọ ọ́ bó ṣe wà, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀: “Ọwọ́ mi ṣófo.”

Agbẹjọ́rò ìjọba dìde. “Bi í léèrè. Ṣé ó fi bàbá sílẹ̀ ni, àbí bàbá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́?”

Ọ̀nà jíjìn ni mo gbà kí n tó rí ìbéèrè yẹn sọ ní èdè ìyá mi. Ọmọ náà gbọ́ ọ, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ́. Ó dáhùn, mo sì sọ ọ́ tẹ̀lé e: “Mo ń dì í mú. Mo ṣì ń dì í mú nígbà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Òróró tí mo fi pa á ló já a gbà lọ́wọ́ mi.” Ó tún sọ ọ̀rọ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ti hàn wàyí, mo ní, “Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.” Ètè mi pàdé lẹ́ẹ̀mẹta. Iná sọ lórí mi.

“Èèkánná ya bàbá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́,” agbẹjọ́rò ìjọba ní. “Dókítà tó yẹ òkú wò sọ bẹ́ẹ̀. Èèkánná rẹ nìyẹn. Ìjà nìyẹn!”

Agbẹjọ́rò ọmọ náà, ọmọdébìnrin kan tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú, dìde kíá. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà fi hàn bó ṣe di bàbá mú.

“Lára ta ni?” adájọ́ béèrè. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

Akọ̀wé yọ ìpara nínú àpò ọwọ́ rẹ̀. Mo ká apá aṣọ mi sókè, wọ́n fi pa mí, agbẹjọ́rò ìjọba sì rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà pé kí a máa bá eré lọ. Ẹ̀ṣọ́ méjì dúró lẹ́yìn mi. Ọmọ náà na ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó dì mí mú lókè ìgbọ̀nwọ́, adájọ́ ní kí n fà sẹ́yìn, mo fà. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Ó tún dì í, ó tún yọ̀, èèkánná rẹ̀ sì fa ìlà gígùn sí mi lára dé ọrùn ọwọ́.

Ibi tó yẹ kó parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé náà yí. Mo rí iná òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ adájọ́. Mo ń ṣubú.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò tètè mọ̀. Ọmọ náà ló fò láti orí àpótí, tó fi apá méjèèjì gbá mi mọ́ra. Àgbọ̀n mi kan igi, òwú fò jáde, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi, ṣùgbọ́n orí mi kò kan ilẹ̀. Wọ́n ní kó fi mí sílẹ̀. Kò gbọ́ èdè wọn, kò sì sí ẹnu tó lè túmọ̀ fún un. Ìka kan lẹ́yìn òmíràn ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ń já ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára mi.

Dókítà ti ki òwú tuntun bọ̀ ọ́. Kò bá mi wí. Ọkọ mi wo apá mi, ó sì lọ dúró níta fún ìgbà díẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 17

Lónìí èmi ni wọ́n mú búra.

Agbẹjọ́rò ìjọba ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú ni. Ó ní èdè ìyá mi ni ọmọ náà ń sọ, pé ẹ̀jẹ̀ ló ń fa ẹ̀jẹ̀, pé kí wọ́n lé mi kúrò lórí ẹjọ́ yìí, kí wọ́n sì da gbogbo ohun tí mo ti túmọ̀ nù. Ọdún tí mo ti lò níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ orí agbẹjọ́rò ọmọ náà. Ẹnikẹ́ni kò pè mí ní olójúsàájú rí.

“Ògbufọ̀,” adájọ́ ní, “ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú?”

“Rárá, Olúwa mi.”

“Kí ló wá ṣe yín?”

“Ebi, Olúwa mi. Mo yọ eyín. Ẹ̀rù ń bà mí láti jẹun.”

“Ẹ la ẹnu.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe la ẹnu fún adájọ́ àgbà ní gbangba, èmi tí mo ń fọwọ́ bo ẹnu fún ọkọ mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó na ọrùn láti orí àga rẹ̀, ó wò ó, ó sì yára fà sẹ́yìn. Òórùn kànáfùrù, mo rò pé, tàbí òmíràn. Ó ní kí n ká apá aṣọ mi. Ó bọ́ gíláàsì, ó tún wọ̀ ọ́, ó wo ìlà tó pọ́n náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bá akọ̀wé sọ̀rọ̀:

“Ẹ pa ìṣubú yẹn rẹ́ nínú àkọsílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ yìí kò rí i. Ẹ fi ìlà apá rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.”

Mo ṣì wà lórí ẹjọ́ náà. Ìdájọ́ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun tó wà lọ́kàn adájọ́, kò sí lójú rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 21

Dókítà yọ òwú, kò fi òmíràn sí i. “Ẹran ti ń hù,” ó ní, ó sì gbé dígí kékeré kí n rí i. Ó pupa, ó rọ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ mélòó kan lọ. Kí n máa bá omi iyọ̀ lọ lẹ́yìn oúnjẹ. Kí n máa fi apá òsì jẹun.

Mo jẹ ẹyin àti búrẹ́dì rírọ̀. Ọkọ mi jókòó sí iwájú mi, ó ń wo ẹnu mi bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo gbé èyí tó kẹ́yìn mì, ó pàtẹ́wọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo sùn láìgbé oògùn mì. Àlá ni kò jẹ́ kí n sinmi. Nínú àlá, adájọ́ ń sọ̀rọ̀, mo la ẹnu, èdè ìyá mi kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 26

Atẹ́gùn líle. Ọkọ mi ní kí n má fọ aṣọ tí mo ti fọ̀ lánàá mọ́.

Ẹtì, 27

Adájọ́ ka ìdájọ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo dúró ti ọmọ náà, mo ń sọ ọ́ sí i létí gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn. Ìyà tó wà nínú iṣẹ́ yìí ni pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tí gbólóhùn adájọ́ ń lọ títí yóò fi dé. “Ilé-ẹjọ́ yìí kò lè fojú fo ẹ̀rí aládùúgbò.” Mo sọ ọ́. Ọmọ náà di irin àpótí mú. “Ọkùnrin náà kò parọ́, ohun tó gbọ́ ló sọ.” Mo sọ ọ́. Ó pa ojú dé. “Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó gbọ́ kò tó láti sọ èèyàn di apànìyàn.” Mo sọ ìyẹn náà, ohùn mi sì fẹ́ gbọ̀n, mo dá a dúró. Ó mẹ́nu ba òróró. Ó mẹ́nu ba ìlà èèkánná, pé bí wọ́n ṣe gùn lára òkú náà ni wọ́n gùn lára alààyè. Ó mẹ́nu ba àtẹ̀gùn tí kò ní irin ìdìmú, tí àwọn ọmọ bàbá kò ṣe.

Lẹ́yìn náà ó ní, “Kò jẹ̀bi. Kó máa lọ.”

Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Mo sọ ọ́ ní èdè ìyá mi, ètè mi pàdé, kò dùn mí níbì kankan.

Ọmọ náà kò pariwo. Àwọn èèyàn ti ń dìde, àwọn ọmọ bàbá ń bínú jáde, agbẹjọ́rò rẹ̀ ń sunkún sínú aṣọ ìnumú. Ó dúró níbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sí. Ó wá yíjú sí mi, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Àṣà iṣẹ́ kò tíì kúrò lára mi. Mo na ẹ̀yìn, mo kọjú sí adájọ́, mo gbé ohùn sókè kedere bí mo ti ń ṣe láti ọ̀pọ̀ ọdún wá:

“Ẹnu yín ńkọ́? Ṣé ó ti san?”

Adájọ́ tó ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ dúró. Ó fọwọ́ kan ètè ara rẹ̀. Ó wo akọ̀wé, akọ̀wé wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Ooru gba ojú mi.

“Olúwa mi, ẹ má bínú. Èmi ló ń bi.”

Ó wò wá pẹ́, èmi àti ọmọ náà. N kò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí ní gbogbo ọdún tí mo ti dúró níwájú rẹ̀, n kò sì lè búra pé mo rí i lónìí.

“Ìbéèrè tó tọ́ ni,” ó ní. “Ògbufọ̀, ẹ dá a lóhùn.”

Mo yíjú sí ọmọ náà, mo sì bá a sọ ọ̀rọ̀ tara mi.